Apá Màmá Mi, Ínǹsì Mẹ́rìndínlógún Ààbọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ tí mo tún pa á tì, torí ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ni. Láàárín ọjọ́ 11 péré, apá òsì màmá mi, apá kan ṣoṣo náà o, fún wa ní nọ́ńbà mẹ́rin tí kò bára mu. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti ń yẹ BP, ìyẹn agbára ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan, wò lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ìsìn, 172 lórí 104. Ní kẹ́mísì kan, báńdì tí wọ́n ń wé mọ́ apá láti fi wọ̀n ọ́n ò ká apá wọn lókè, ọmọ tó wà níbẹ̀ bá kúkú wé e mọ́ ìsàlẹ̀ ìgúnpá, ó ní 181 lórí 99. Nílé, Kẹ́hìndé ra maṣíìnì kékeré kan wá, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ bí aago, ìyẹn ní 163 lórí 101. Ilẹ̀ mọ́, maṣíìnì yẹn kan náà, ọwọ́ yẹn kan náà, 131 lórí 78.

Èmi àti Kẹ́hìndé fẹ́rẹ̀ẹ́ bára wa jà. Ó ní maṣíìnì kẹ́mísì ló ti bàjẹ́, èmi ní tiẹ̀ tó rà ni fàbú, àbúrò wa obìnrin ní kí la ń bá maṣíìnì fà, ṣé a ò rí iye iyọ̀ tí màmá ń dà sọ́bẹ̀ ni. Màmá fúnra wọn ò kọ́kọ́ dá sí i, wọ́n kàn ń wò wá, ìgbà tó yá ni wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ mi lẹ fi ń tayò yẹn."

Ká ní awuyewuye lásán ni, ǹ bá má kọ nǹkan kan. Àmọ́ dókítà kan rí 172 àti 181 yẹn nínú ìwé, ó fi òògùn kejì kún èyí tí màmá ti ń lò láti ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni màmá dìde nídìí maṣíìnì ìránṣọ wọn ní Òkè-Àdó, òòyì kọ́ wọn lójú, èjìká ọmọ iṣẹ́ wọn kan ni wọ́n dì mú tí wọn ò fi ṣubú lu áyọ́ọ̀nù tó ń gbóná. Àtìgbà yẹn ni mi ò ti lè fọkàn balẹ̀. Nínú nọ́ńbà mẹ́rin yìí, èwo ni ẹ̀jẹ̀ màmá mi?

Ta lẹ rán aṣọ yìí fún?

Mo lọ ra maṣíìnì mìíì, èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá lókè, torí gbogbo èèyàn ló ní ìyẹn ló ṣe é gbára lé. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Màmá jókòó sórí àpótí tí kò ní ẹ̀yìn, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan, mo wé báńdì lé apá bùbá wọn láìká a kúrò, kò lè gòkè, ìtòsí ìgúnpá ló há sí, ibi tó yẹ kó ti lẹ̀ mọ́ra wọn sì kàn fẹnu kanra fẹ́ẹ́rẹ́. Mo tẹ bọ́tìnnì. Ó ń fẹ́, ó ń fẹ́, àfi kraaa, ó tú. Mo tún un wé. Gbogbo ìgbà yẹn, màmá ń bá ọmọ iṣẹ́ kan wí, èyí tó gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé lééṣì oníbàárà, ohùn wọn ti dé òdìkejì títì.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí Màmá Nọ́ọ̀sì fi wọlé. Aládùúgbò wa ni, wọ́n ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, aṣọ ẹbí ni wọ́n wá wọ̀ wò. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo màmá, wọ́n wo èmi, wọ́n wo báńdì. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn nawọ́, wọ́n fa téèpù kúrò lọ́rùn màmá mi.

"Ìyá Ìbejì, ẹ bọ́ apá kan kúrò nínú bùbá yẹn."

Màmá bọ́ ọ, wọ́n fa ìró sókè bo àyà. Màmá Nọ́ọ̀sì fọwọ́ wá ṣóńṣó egungun èjìká, wọ́n wá ṣóńṣó egungun ìgúnpá lẹ́yìn, wọ́n na téèpù láàárín méjèèjì, wọ́n ní kí ọmọ iṣẹ́ mú ṣọ́ọ̀kì wá, wọ́n wá fa ìlà funfun kan sí agbedeméjì apá màmá mi bí ẹni fẹ́ gé aṣọ. Orí ìlà yẹn ni wọ́n wé téèpù yí ká. "Ínǹsì mẹ́rìndínlógún ààbọ̀." Wọ́n yí téèpù sí ẹ̀gbẹ́ kejì, sẹ̀ǹtímítà 42. Wọ́n mú báńdì tuntun mi, wọ́n yí inú ẹ̀ síta, wọ́n nà án jìnnà sójú bíi tẹni tí kò mú gíláàsì dání, wọ́n sì fi ìka sábẹ́ ìkọ̀wé wínníwínní kan tí mi ò tiẹ̀ rí tẹ́lẹ̀. 22 sí 32 cm.

"Ta lẹ rán aṣọ yìí fún?"

Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Màmá ló kọ́kọ́ dákẹ́.

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀, òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀. Láti 1979 ni màmá mi ti ń ránṣọ. Wọn kì í fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ oníbàárà láìjẹ́ pé wọ́n ti wọn apá ẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tó bá fojú díwọ̀n apá ẹnikẹ́ni, tirẹ̀ bá a. Apá tiwọn ńkọ́? Ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń gbé e fún oríṣiríṣi èèyàn wé, nílé, ní ọsibítù, ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́nì kankan tó wọ̀n ọ́n rí, àwọn náà ò sì béèrè, bẹ́ẹ̀ àwọn ló mọ̀ jù wá lọ pé ohun téèyàn bá fẹ́ wé mọ́ apá, apá ló kọ́kọ́ yẹ kéèyàn mọ̀.

Ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀

Màmá Nọ́ọ̀sì rán ọmọ lọ sílé wọn pé kó lọ mú báńdì ńlá kan wá nínú àpótí, pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ fún tó ní ojú bíi ti aago, àti rọ́bà etí tí àwọn dókítà máa ń kọ́ sọ́rùn. Kó tó dé, wọ́n ti gbé màmá kúrò lórí àpótí lọ sórí àga tó ní ẹ̀yìn. Wọ́n bi wọ́n bóyá ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n. Wọ́n ní kí wọ́n fẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, kí wọ́n má gbé ọ̀kan lé èkejì. Wọ́n gbé apá wọn sórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ, ó ṣì lọ sílẹ̀ jù, wọ́n bá ká àgékù áńkárá mẹ́rin lérí ara wọn sábẹ́ ẹ̀ títí agbedeméjì apá fi dọ́gba pẹ̀lú ibi tí ọkàn wà láyà, wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè. Wọ́n wá fi ìka méjì tẹ inú apá, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ara, ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń lù kìì kìì, ibẹ̀ ni wọ́n gbé àmì orí báńdì lé. Etí báńdì nísàlẹ̀, ìka méjì ló fi jìnnà sí ibi tí ìgúnpá ti ń ṣẹ́ po.

"Ó yá. Ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ẹ mọ̀ pé ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀ níbẹ̀, ààwẹ̀ ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì. Fáànù ń yí. Jẹnẹrétọ̀ onífóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nìkan ló ń ké. Màmá fojú bá ọmọ tó jó lééṣì wí láìlanu, Màmá Nọ́ọ̀sì sì mi orí sí wọn pé ìyẹn náà, ọ̀rọ̀ ni.

148 lórí 90. Wọ́n sinmi díẹ̀, wọ́n tún un ṣe, 146 lórí 90. Wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún, ibi tí àwa ò dé rí torí òun ló ń ṣiṣẹ́, 154 lórí 92. Wọ́n ní látòní lọ, ọ̀tún ni ká máa lò, èyí tó bá ga jù nínú méjèèjì lèèyàn ń tẹ̀ lé, àti pé tí wọ́n bá fi ju 10 lọ síra wọn lórí nọ́ńbà òkè, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ léraléra, kéèyàn sọ fún dókítà torí iṣan apá kan lè máa dí. Èmi àti Kẹ́hìndé, ọjọ́ kan náà la wáyé, bàtà tèmi ò ṣe é wọ̀ fún un, kí ló wá dé tí mo fi rò pé apá méjì gbọ́dọ̀ dọ́gba?

Mi ò ní parọ́ fún yín, mo ti ń retí pé wọ́n máa pe 120, kí n lè lọ bá dókítà yẹn jà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ màmá mi ru, 154 lórí 92 ju 140 lórí 90 tí ọ̀pọ̀ dókítà fi ń mọ ẹ̀jẹ̀ ríru lọ níbikíbi tẹ́ ẹ bá gbé e dé. Ṣùgbọ́n kò ru tó 181, ohun tí wọ́n sì ń fi òògùn lé kiri nínú ara wọn, èyí tó pọ̀ níbẹ̀, inú báńdì àti bí wọ́n ṣe wé e ló ti wá.

Ìfúnpá

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí wọ́n bá ní bàbá kan so ìfúnpá, a mọ̀ pé oògùn tí wọ́n fi awọ rán ni, tó wà lápá lókè, lábẹ́ agbádá. Lóde òní àwọn kan tó ń kọ Yorùbá ń pe BP ní ìfúnpá, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ ju "ẹ̀jẹ̀ ríru" lọ, torí ó sọ ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an. Ẹnikẹ́ni ò rí inú iṣan ẹ. Wọ́n fún apá ẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi dúró, wọ́n wá ń tú u díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń dúró de ìgbà tó máa tún kọjá. Agbára tí wọ́n fi fún ọ ni wọ́n ń kà, wọ́n wá ń gbà pé òun náà ni agbára ẹ̀jẹ̀ ẹ. (Ó sàn ju ti pásítọ̀ ará Ìlú Ọba kan lọ, Stephen Hales, tó ki ọ̀pá sínú iṣan ẹṣin láàyè, tí ẹ̀jẹ̀ fi gun inú ọ̀pá gíláàsì ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ní 1733.)

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo wá ìtàn ẹ̀ ni pé àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù màmá mi, òun ni àṣìṣe àkọ́kọ́ tí nǹkan yìí ní láyé. 1896 ni dókítà ará Ítálì kan, Scipione Riva-Rocci, ní ìlú Turin, mú rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, ó fi ṣe báńdì tó ń wé mọ́ apá. Báńdì yẹn tẹ́ẹ́rẹ́, ìbú ẹ̀ ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ. Ní 1901 ará Jámánì kan, Heinrich von Recklinghausen, fi hàn pé títẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀ yẹn ń jẹ́ kí nọ́ńbà ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó ṣe èyí tó fẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, Nikolai Korotkov ní Rọ́ṣíà gbé etí sí ìsàlẹ̀ báńdì, ó gbọ́ ìró tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti dákẹ́, ibẹ̀ la ti rí nọ́ńbà òkè àti nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Nípa báńdì tó kéré, àwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni kò tíì dé Òkè-Àdó.

Kí ló dé tó fi ń ga? Ẹ wo rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà, kí wọ́n wé tìmùtìmù mọ́ ọn, kí wọ́n wá ní kẹ́ ẹ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ fún un lórí tìmùtìmù yẹn títí omi fi dá. Ẹ máa fún un títí apá á fi ro yín, torí tìmùtìmù ló ń jẹ agbára yín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi aṣọ gbòòrò wé e, ó máa tètè mú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí rọ́bà tó wà nínú báńdì fẹ̀ tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àyíká apá, kó sì gùn tó ìdá 80. Apá àwa tó lára tún ní wàhálà mìíì, ó fẹ̀ lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀, báńdì tó gún gbọọrọ á lẹ̀ lókè á ya ẹnu nísàlẹ̀. Màmá ní kí la ń sọ, ta ló máa ń gé apá bùbá ní gbọọrọ, ṣebí èèyàn á dẹ̀ ẹ́ ni. Mo ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń ṣe maṣíìnì.

Ọjọ́ tí màmá fọwọ́ lẹ́rán

Ó wá ku maṣíìnì ọrùn ọwọ́ Kẹ́hìndé, 163 lálẹ́, 131 láàárọ̀. Èyí ló gbà mí lóorun jù. Mo bi àbúrò mi pé báwo ni màmá ṣe jókòó láàárọ̀ yẹn, ó ní wọ́n kàn jókòó sídìí tábìlì ni, inú wọn ò dùn, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán.

Wọ́n fọwọ́ lẹ́rán! Lálẹ́, ọwọ́ wà lórí itan. Láàárọ̀, ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ wúwo, omi ni, tó bá wà lókè tó ń wá sísàlẹ̀, ìwúwo ẹ̀ á bá a wá, bí omi táǹkì ṣe máa ń yára nínú ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ju ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Mìlímítà mẹ́kúrì la fi ń ka BP, mẹ́kúrì sì wúwo ju omi lọ lọ́nà 13.6. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá tí báńdì bá fi wà nísàlẹ̀ ọkàn, ó ń fi bíi méje sí mẹ́jọ kún nọ́ńbà, tó bá sì wà lókè ọkàn, ó ń yọ iye kan náà. Mo mú téèpù, mo wọ̀n láti itan màmá dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, sẹ̀ǹtímítà 43. Ẹ wá yọ 131 kúrò nínú 163. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Kò sí fàbú nínú maṣíìnì Kẹ́hìndé, mo sì ti fún un ní ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ lórí fóònù, ó ní kí n tún un sọ kí ìyàwó òun gbọ́.

Ti kẹ́mísì, méjì ló pa pọ̀. Ọwọ́ wà nísàlẹ̀, ó sì jẹ́ pé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń jìnnà sí ọkàn nínú iṣan apá, bẹ́ẹ̀ ni lílù ẹ̀ ń ṣóńṣó sí i, nọ́ńbà òkè á máa ga, ti ìsàlẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ yí. Nọ́ńbà tí wọ́n bá mú níbi ìsàlẹ̀ ìgúnpá kì í ṣe irọ́, tí kò bá sí báńdì ńlá, àwọn oníṣègùn náà máa ń lò ó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ síwèé pé ìsàlẹ̀ ìgúnpá ni, torí lọ́jọ́ kejì dókítà á rò pé òkè ni, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an nìyẹn. Mo dán an wò lára èmi náà. Lórí tábìlì, 118. Lórí itan, 123. Mo jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, 126. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà gbé irú ẹ̀ jáde ní 2024 lára èèyàn 133, itan fi bíi mẹ́rin kún un, kí apá rọ̀ sílẹ̀ fi mẹ́fà ààbọ̀ kún un. Ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ 136, tó bá gbọ́wọ́ rọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ó ti di aláìsàn nìyẹn.

Ẹni tó ń ra gàrí

Ẹ tẹ̀ lé màmá mi lọ sọ́jà Bódìjà kẹ́ ẹ rí wọn. Kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọn gàrí fún wọn, wọ́n á gba kọ́ńgò yẹn, wọ́n á dojú ẹ̀ bolẹ̀, wọ́n á fọwọ́ pa ìdí ẹ̀ wò bóyá wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ wọnú. Onígàrí ò lè bínú, ẹ̀tọ́ ni. Obìnrin yìí kan náà ló máa jókòó síwájú nọ́ọ̀sì, á na apá, á dákẹ́, nọ́ńbà yòówù kí wọ́n pè, á kí wọn pé ẹ ṣé. Mo ti ń rò ó pé kí ló fà á. Ó dà bíi pé a gbà pé inú wa ni nọ́ńbà yẹn wà, pé ẹ̀bi ni, ẹni tí wọ́n bá sì ká ẹ̀bi mọ́ lọ́wọ́, kì í yẹ kọ́ńgò wò. A ó máa ronú iyọ̀, a ó máa ronú ọmọ tó ń kó wa lọ́kàn sókè, ẹlòmíì á ronú àwọn ará ilé bàbá ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ronú rọ́bà.

Mi ò fi gbogbo ẹ̀ di ẹ̀bi ru nọ́ọ̀sì o. Ẹni tí ọgọ́ta èèyàn ń dúró dè láàárọ̀, báńdì kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, àga tó ní ẹ̀yìn kankan ò sí, ibo ló ti fẹ́ rí ìṣẹ́jú márùn-ún? Àmọ́ iye tó ń bà jẹ́ pọ̀. Johns Hopkins yẹn náà, ní 2023, lára èèyàn 195, rí i pé àwọn tí apá wọn tóbi jù lọ, tí wọ́n bá fi báńdì gbogbo-gbòò wọ̀n wọ́n, nọ́ńbà òkè á fi nǹkan bí ogún lé. Ogún! Àwọn tí apá wọn kéré ńkọ́, tí báńdì tóbi jù fún wọn, tiwọn ń lọ sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ní kò séwu, kí wọ́n máa lọ. Èyí tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù, torí òòyì kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kó tó pẹ́ jù.

A ti bọ́ sọ́dọ̀ dókítà mìíì. Ó ní ká máa kọ BP ilé sínú ìwé fún ọjọ́ méje, láàárọ̀ àti lálẹ́, apá ọ̀tún, báńdì ńlá, àgékù áńkárá lábẹ́ ẹ̀, òun náà sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yọ òògùn kejì, ó fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Dókítà ló yọ ọ́ o, ẹ má torí ohun tí mo kọ síbí da òògùn yín nù.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la padà lọ. Nọ́ọ̀sì kékeré kan ti gbé báńdì tó wà lórí tábìlì, ó ti ń tú u. Màmá mi gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ínǹsì mẹ́rìndínlógún ààbọ̀ ni mí o. Ìyẹn ò lè bọ́ sí mi."

Ọmọ yẹn wò wọ́n, ó wò mí, ó ní, "Ẹ máà bínú, mà." Ó ṣí dúrọ́ọ̀, kò sí. Ó jáde lọ sí yàrá kejì, ó pẹ́ díẹ̀, ó gbé ńlá kan bọ̀, náílọ́ọ̀nù ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì lò ó rí. Bó ṣe ń fi èékánná ya náílọ́ọ̀nù yẹn tí kò ya, màmá ti mú sísọ́ọ̀sì òwú kékeré jáde nínú báàgì wọn, wọ́n gé e. Wọ́n fi ìka méjì pa aṣọ báńdì náà wò, lójú, lẹ́yìn, bí ẹni fẹ́ yọwó.

"Kò burú."

Wọ́n bọ́ apá ọ̀tún kúrò nínú bùbá, wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n dákẹ́.